Omi gbóná, ooru mú mi, ata ta mí: èwo nínú wọn ni "caliente"?

Ìbéèrè tí òǹkàwé wa kan fi ránṣẹ́ rèé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston. Ará Mẹ́síkò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo bá ń kọ́ Sípáníìṣì díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ooru ń mú màmá kan, mo sì sọ fún un pé 'Usted está caliente'. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá kí i wò mí bí ẹni tó gbọ́ ohun tí kò yẹ. Nígbà tí mo délé, mo wo 'hot' nínú díkíṣọ́nárì, mo rí caliente, caluroso, cálido, acalorado àti picante. Mo wo 'old', mo rí viejo, mayor, anciano àti antiguo. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó mú? Ṣé kí n há gbogbo wọn sórí ni?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Ohun tó mú kí ọmọ màmá yẹn wò ọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ní èèyàn "está caliente", ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí olùgbọ́ lọ́kàn ni pé ara ẹni náà ń fẹ́ ìbálòpọ̀. Ní Ajẹntínà, ó tún lè jẹ́ pé inú ń bí i gidigidi. Méjèèjì kò ṣeé sọ nípa ìyá àgbà lójú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹni tó rí ọ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì gbọ́ ohùn rẹ, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn lo ní lọ́kàn. Ohun tó yẹ kó o bi màmá ni "¿Tiene calor?", ìyẹn ni pé, ṣé ooru ń mú yín?

Rọra wo gbólóhùn kékeré yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀-àpèjúwe kankan nínú rẹ̀. "Calor" ni ooru fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. "Tiene" ni "ẹ ní", bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ èèyàn fúnra rẹ̀ di ohun gbígbóná nígbà tí ooru bá mú un. Àwa kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ooru ló ń mú wa, òtútù ló ń mú wa, ebi ló ń pa wá, òùngbẹ ló ń gbẹ wá, oorun ló ń kùn wá, ẹ̀rù ló ń bà wá, ojú ló ń tì wá. Wá wo Sípáníìṣì, níbi tí "tengo" ti jẹ́ "mo ní": tengo calor, tengo frío, tengo hambre, tengo sed, tengo sueño, tengo miedo, tengo vergüenza. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni méjèèje, bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ lédè wa. Gẹ̀ẹ́sì ni kò bá wa rìn níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ fún ọ pé kó o há ohunkóhun sórí. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o tó ṣí díkíṣọ́nárì, kó o kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ ní Yorùbá, odindi gbólóhùn, bí o ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ nílé. "Hot" kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ nígbà tó o bá fi Yorùbá sọ ọ́, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì dì pọ̀. Sípáníìṣì náà kò dì wọ́n pọ̀. Ibi tí àwa ti là wọ́n sọ́tọ̀ náà ni àwọn náà sábà ti ń là wọ́n.

Jẹ́ ká mú un látorí ooru ojú ọjọ́. Ooru mú lónìí: "Hace calor". Ooru mú gan-an: "Hace mucho calor". Nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni calor, "mucho" ló máa ń ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe "muy". Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú, torí "very" ló ń darí wọn. "Tengo mucho calor", "tengo mucho frío", "tengo mucha hambre". Tó o bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀-àpèjúwe fún ọjọ́ fúnra rẹ̀, caluroso ló kàn: "un día caluroso", "un verano caluroso". Wọ́n tún máa ń fi pe èèyàn tí ooru tètè máa ń mú, ẹni tó máa ń wá fáànù kiri nígbà tí àwọn yòókù kò tíì mọ nǹkan kan lára. Wọ́n sì ń lò ó fún àtẹ́wọ́ tàbí ìkíni tó tọkàn wá, "un caluroso aplauso", ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí wàá nílò nílé ìtọ́jú.

Ohun tó o máa nílò lójoojúmọ́ ni omi ìwẹ̀. Níbí ni caliente ti wà nílé ara rẹ̀: ohun tí ọwọ́ bá kàn tó gbóná. "El agua está caliente", omi gbóná. "Está demasiado caliente", ó ti gbóná jù. "Está tibia", ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. "Está fría", ó tutù. Ṣé o rí i pé mo kọ "el" níwájú agua, mo sì tún kọ "tibia" àti "fría", kì í ṣe "tibio" àti "frío"? Abo ni agua nínú gírámà wọn. Wọ́n kàn fi "el" síwájú rẹ̀ kí "la" àti "a" má baà forí gbárí lẹ́nu ni. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó tẹ̀ lé e kò gbàgbé pé abo ni. Èdè tiwa kì í bi wá bóyá akọ tàbí abo ni omi, nítorí náà ibi tó yẹ ká fiyè sí jù nìyẹn. Caliente kò ní wàhálà yẹn, torí pé bó ṣe rí fún akọ ló rí fún abo. S nìkan ló ń gbà tí nǹkan bá pọ̀: "manos calientes". Tó o bá da omi sí màmá lẹ́yìn ọwọ́ wò, bi wọ́n pé "¿Está bien así?", ṣé ó dára báyìí? Tí wọ́n bá ní "un poco más caliente", kí omi náà gbóná díẹ̀ sí i ni wọ́n ń fẹ́. Kò sí ẹni tó máa wò ọ́ lójú kan fún ìyẹn.

Ara gbígbóná ńkọ́? Tí a bá ní ara ọmọ gbóná, ibà la ní lọ́kàn. Sípáníìṣì á ní "tiene fiebre". Àwọn ará Mẹ́síkò, pàápàá àwọn àgbà, máa ń sọ pé "tiene calentura". Fiebre ni kí ìwọ mú lò, torí pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, calentura sì ní ìtumọ̀ mìíràn tó sún mọ́ ohun tó bá ọ lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ tí ọmọ màmá bá sọ fún ọ pé "mi mamá tiene calentura", wá ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà kíá. Caliente sì tún lè wá sára èèyàn láìsí ìtìjú tó o bá ti dárúkọ ẹ̀yà ara: "Tiene la frente caliente", iwájú orí wọn gbóná. "Tiene las manos frías", ọwọ́ wọn tutù. Ohun tó ń fa wàhálà ni kó o fi caliente kan èèyàn ní odidi.

Ata ló kù. Ata kì í gbóná lédè wa, ó máa ń ta ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn: "la salsa pica", ọbẹ̀ náà ta, "es picante", ó jẹ́ ohun tó ń ta. Lẹ́nu ará Mẹ́síkò, wàá tún gbọ́ "picoso". Tí ata bá ta wọ́n, wọ́n á ní "me enchilé", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ láti inú chile, ata fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀, torí pé kò sí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ọ́, àwa sì ní "ata ta mí" láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Tó o bá gbé ọbẹ̀ fún bàbá kan tó sì bi ọ́ pé "¿Pica?", kì í ṣe bóyá ó gbóná ló ń béèrè. Kíyè sí i ṣá o, pica kan náà ni wọ́n ń lò tí ara bá ń yún wọn. Tí màmá bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn tó ní "me pica", ẹ̀yìn ló ń yún wọn, wo awọ ara wọn bóyá nǹkan ti sú sí i. Tó o bá sì rìnrìn-àjò lọ sí Kúbà lọ́jọ́ iwájú, mọ̀ pé oúnjẹ wọn kì í sábà ní ata tó ń ta. Ẹni tó bá béèrè "comida caliente" ní Havana, oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ni wọ́n máa gbé fún un, á sì máa wá ata nínú rẹ̀ tì.

Cálido kò le. Ọ̀yàyà ni. Ẹni tó lọ́yàyà, ohùn tó tuni lára, ojú ọjọ́ ilẹ̀ tí òtútù kì í mú: "una persona cálida", "una voz cálida", "un clima cálido". Acalorado sì jẹ́ ti àríyànjiyàn tó ti fẹ́ di ìjà, "una discusión acalorada", tàbí ti ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí ooru tàbí ìbínú. O lè fi í sílẹ̀ títí di ìgbà tí Sípáníìṣì rẹ bá gbó.

Ní báyìí, n kò fẹ́ kó o rò pé Yorùbá ò ní tàn ọ́ láé. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ tiwa tó gbòòrò ju tiwọn lọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kó o ti dúró rò ó. Mú "tutù". Omi tutù, fría. Ṣùgbọ́n ẹja tútù tí ìyá rẹ ń rà lọ́jà kì í ṣe "pescado frío", ẹja tí wọn kò yan tí wọn kò sì gbẹ ni, "pescado fresco". Tí ilẹ̀ bá sì tutù nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún, "mojado" ni. O ti rí i tipẹ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára pátákó ofeefee tí wọ́n ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Amẹ́ríkà: "Cuidado, piso mojado". "Dùn" náà ń kọ́? Ṣúgà dùn, "dulce". Ọbẹ̀ ẹlẹ́ran dùn, "está rica" tàbí "está sabrosa". Tó o bá pe ọbẹ̀ wọn ní dulce, wọ́n á rò pé o ní wọ́n ti da ṣúgà sí i. "Pupa" sì rèé: èèyàn tí a pè ní pupa nílé kì í ṣe "rojo" lọ́dọ̀ wọn, ará Mẹ́síkò á pè é ní "güero" tó bá jẹ́ ọkùnrin, "güera" tó bá jẹ́ obìnrin. Rojo fún èèyàn ni kí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bá ń bá nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ, bi ara rẹ nípa ohun tó ò ń ṣàpèjúwe gan-an: ṣé omi ni, ṣé ẹja ni, ṣé ilẹ̀ ni? Orúkọ tó wà níwájú ló máa mú ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó bá a mu wá.

Ó kan "old", èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń tọ́jú àgbà. Arúgbó, àgbà, ti àtijọ́, ohun tó ti gbó: mẹ́rin la ní, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó máa ṣi wọ́n lò fún ara wọn. Viejo ló sún mọ́ "gbó" jù. "Zapatos viejos", bàtà tó ti gbó. "Ropa vieja", aṣọ tó ti di àkísà. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń pe oúnjẹ kan tí Kúbà fi ń yangàn, ẹran màlúù tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n fà ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sínú tòmátì, àlùbọ́sà àti tàtàṣé. Lára ìlú, viejo kò burú: La Habana Vieja ni wọ́n ń pe apá Havana tó ti wà tipẹ́tipẹ́, tí UNESCO kọ sára àwọn ogún àgbáyé ní 1982. Ṣùgbọ́n lára èèyàn, ó wúwo. Má fi ẹnu rẹ pe màmá kankan ní "vieja". Wàá gbọ́ tí ọmọ wọn ń pè wọ́n ní "mi viejita", wàá sì gbọ́ tí ará Ajẹntínà ń pe òbí rẹ̀ ní "mis viejos". Ìfẹ́ ló wà níbẹ̀, àmọ́ ti inú ẹbí ni. Bí ẹnì kan ṣe lè pe bàbá rẹ̀ ní "bàbá arúgbó mi" nínú eré, tí àlejò kò sì gbọ́dọ̀ dán an wò, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mayor ni kó o mú. Mayor ni àgbà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Una señora mayor", màmá àgbàlagbà kan. "Un señor mayor", bàbá àgbàlagbà kan. Kódà òfin tí Mẹ́síkò ṣe ní 2002 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà, "personas adultas mayores" ló pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń sọ ẹ̀gbọ́n: "mi hermana mayor" ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, "mi hermano menor" ni àbúrò mi ọkùnrin. "Es mayor que yo", ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Fún àwa tí kò ṣeé ṣe fún láti dárúkọ ọmọ ìyá wa láìsọ ẹni tó jù, mayor kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì rárá. Ó kàn jẹ́ pé Sípáníìṣì tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Anciano wà fún ẹni tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, inú ìwé àti ìròyìn ni wàá sì ti máa rí i jù. Wọ́n tún ń lò ó nínú Bíbélì Sípáníìṣì níbi tí Bíbélì wa ti lo "àwọn alàgbà". Antiguo jẹ́ ti àtijọ́, ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ fi iyì kún un. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n pè ní "una iglesia antigua", àwọn èèyàn máa ń wá wò ó. Èyí tí wọ́n pè ní "una iglesia vieja", ó lè jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Ṣùgbọ́n tí antiguo bá ṣáájú orúkọ, ó ti di ohun mìíràn: "mi antiguo trabajo" ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún tó kọjá ni mo fi í sílẹ̀. Viejo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Un viejo amigo" ni ọ̀rẹ́ tí a ti jọ ń bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún. "Un amigo viejo" ni ọ̀rẹ́ tó ti darúgbó. "Pobre" pẹ̀lú: "una mujer pobre" kò lówó lọ́wọ́, àmọ́ "pobre mujer" ni obìnrin tí àánú rẹ̀ ṣeni, olówó ni o, tálákà ni o. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe Sípáníìṣì sábà máa ń tẹ̀ lé orúkọ bíi tiwa. Tó o bá rí i tó ṣáájú, dúró, kó o bi í léèrè ìdí.

Tó o bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí, "¿Cuántos años tiene?", ọdún mélòó lẹ ní? Tener, ọ̀rọ̀-ìṣe tí "tiene" àti "tengo" ti wá, ló tún padà wá yẹn. Tó o bá sì fẹ́ pe màmá lórúkọ, fi "doña" ṣáájú orúkọ wọn, "don" fún bàbá, kó o sì máa lo "usted" bó o ṣe ń lo ẹ. Àwọn àgbà Mẹ́síkò mọ ọ̀wọ̀, inú wọn yóò sì dùn sí i pé wọ́n kọ́ ọ nílé.

Ohun kan wà tí díkíṣọ́nárì fóònù kì í sábà sọ, òun ló sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù: ọ̀rọ̀-àpèjúwe kan náà ń yí ìtumọ̀ padà bó bá jẹ́ "es" tàbí "está" ló ṣáájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "is" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì. "Es buena", èèyàn rere ni. "Está buena", tí a bá sọ ọ́ nípa obìnrin, ara rẹ̀ ń wu ọkùnrin ni a ń sọ. Tó o bá fẹ́ sọ fún ọmọ màmá pé ara màmá le, "Está bien" ni kó o sọ, má sún mọ́ buena. "Es lista", ọlọ́gbọ́n ni. "Está lista", ó ti múra tán, èyí tí wàá nílò lẹ́yìn ìwẹ̀. "Es aburrido", kò dùn ún bá gbé. "Está aburrido", nǹkan ti sú u. "Es verde", àwọ̀ ewé ni. "Está verde", kò tíì pọ́n. Fún èyí, Yorùbá kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ tààrà. Kíkọ́ ni. Kọ́ wọn ní méjìméjì, es lápá kan, está lápá kejì, gbólóhùn kúkúrú kọ̀ọ̀kan.

Ojú tì mí tún yẹ ká yà sọ́tọ̀, torí iṣẹ́ rẹ. "Embarrassed" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ti sáré mú "embarazada" torí pé ó jọ ọ́. Aboyún ni embarazada. Vergüenza ni ìtìjú, ṣùgbọ́n ará Mẹ́síkò, Kúbà àti Kòlóńbíà sábà máa ń sọ "me da pena". Ní Sípéènì, pena jẹ́ ìbànújẹ́ tàbí àánú. Tí bàbá kan bá kọ̀ kó o wẹ̀ fún òun, tó ní "me da pena", má rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Ojú ló ń tì í láti bọ́ra níwájú rẹ. Wá ọkùnrin kan kó bá ọ wẹ̀ ẹ́, tàbí kó o fi aṣọ ìnura bò ó dáadáa kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni "constipado" fi ń pín: ní Sípéènì, ọ̀fìnkìn ló mú u, níbòmíràn, ó lè jẹ́ pé kò rí ìgbẹ́ yà. Lo "estreñido" fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà, "estreñida" tó bá jẹ́ obìnrin, kò sí ẹni tó máa ṣì ọ́ gbọ́.

Bó o ṣe máa lo díkíṣọ́nárì nìyí. Tó o bá ti rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún lábẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, má mú ti àkọ́kọ́. Gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú díkíṣọ́nárì Sípáníìṣì sí Sípáníìṣì. Èyí tí Real Academia Española ń ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́; 1713 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ orílẹ̀-èdè tí ìtumọ̀ kan ti wọ́pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kódà tí o kò bá tíì lè ka àlàyé rẹ̀ tán, wo àwọn orúkọ tó wà nínú àpẹẹrẹ rẹ̀: ṣé omi ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ṣé ọjọ́ ni, ṣé èèyàn ni? Wọ́n tún ní àkójọ ọ̀rọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ CORPES, lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, níbi tó o ti lè tẹ "día caluroso" àti "día caliente" kó o rí bí àwọn tó ni èdè ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé àjákọ rẹ sì ni kó o má ṣe kọ caliente, gbígbóná sí. Kọ "agua caliente" sí i, pẹ̀lú orúkọ tó ń bá a rìn. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó dá dúró kò tíì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kó o mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè le tó. Ní 1980, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan dé ilé ìwòsàn ní Florida láìmọ ara rẹ̀. Ọmọ Kúbà ni ẹbí rẹ̀. Wọ́n ní ó "intoxicado". Lẹ́nu ará Kúbà, ìyẹn ni pé ohun tó jẹ tàbí tó mu ló ṣe é ní jàǹbá, ó lè jẹ́ oúnjẹ lásán. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, tó jẹ́ ti ẹni tó mutí yó tàbí tó lo oògùn olóró, òun sì ni àwọn oníṣègùn gbọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó lo oògùn olóró lálòjù. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Kí wọ́n tó rí i, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, owó gbà-má-bínú tí wọ́n fẹnu kò sí sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 71 dọ́là. Kò sí ògbufọ̀ kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé oníkálukú rò pé àwọn gbọ́ ara àwọn yé.

Nítorí náà, máa fi Sípáníìṣì rẹ béèrè omi ìwẹ̀, oúnjẹ, ooru àti òtútù, kó o sì máa fi kí àwọn màmá láàárọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti oògùn, ti ìrora, tàbí ti ìwé tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lù, ògbufọ̀ ni kó o pè. Láti orí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ni wọ́n ti ń béèrè pé kí ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pèsè ẹni tó máa túmọ̀ èdè fún aláìsàn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bi ọ̀gá rẹ ní nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ yín fi ń pè wọ́n, kó o kọ ọ́ sínú fóònù rẹ kí ìdágìrì tó dé.